Ìdíje róbọ́ọ̀tì: kí gan-an ni kí àwọn ọmọ wa máa kọ sílẹ̀ nípa àwọn ẹgbẹ́ mìíràn?

Olùkọ́ Físíìsì, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Iléṣà, èmi ni mo sì ń tọ́ àwọn ọmọ mọ́kànlá tó wà nínú ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì wa sọ́nà. FIRST Tech Challenge, tí gbogbo wa ń pè ní FTC, la ń ṣe. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: róbọ́ọ̀tì mẹ́rin ló máa ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, méjì lápá pupa, méjì lápá búlúù. Fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, róbọ́ọ̀tì á máa dá ṣiṣẹ́ láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, èyí tí à ń pè ní auto. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ á fi ìṣẹ́jú méjì wà á. Ẹni tó bá yín ṣe pọ̀ nínú eré yìí lè di alátakò yín nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí eré ìbẹ̀rẹ̀ bá parí, àwọn ẹgbẹ́ tó wà lókè á jáde síwájú, wọ́n á yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bá ṣe pọ̀ títí dé àṣekágbá.

Ibi yíyàn yẹn ló ti dùn mí lọ́dún tó kọjá. Mo ti fún àwọn ọmọ tó ń ṣe amí, ìyẹn àwọn tó ń wo eré àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ní fọ́ọ̀mù tó ní ìbéèrè mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì kọ ọ́ tọkàntọkàn. Irú táyà, iye mọ́tò, èdè tí wọ́n fi kọ ètò orí kọ̀ǹpútà, àwọ̀ ara róbọ́ọ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ. Nígbà tí wọ́n ní ká wá mú alábàáṣe, aṣojú wa, ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2, yíjú sí mi, òkìtì ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú ìwé náà tó lè sọ orúkọ tí yóò pè fún un. A pe ẹgbẹ́ tí róbọ́ọ̀tì wọn dùn ún wò. Wáyà bátìrì wọn já nínú eré méjì léraléra, a sì jáde. Mi ò dá àwọn ọmọ yẹn lẹ́bi, nítorí wáyà yẹn ti já lẹ́ẹ̀mejì kí a tó pè wọ́n. Ọmọ wa kan rí i. Fọ́ọ̀mù mi ni kò ní àyè tí yóò kọ ọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí a máa tún lọ. Kí ni kí n fi sílẹ̀, kí ni kí n yọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Ẹ̀rọ, OAU

Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú ìrọ́jú àwọn ọmọ. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ ní OAU, mo wà ní ọdún kẹrin, mo sì ti bá ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan níhìn-ín ní Ifẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ohun tó ṣe yín yẹn ti ṣe àwa náà.

Sà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Ibi tí ọmọbìnrin yẹn dúró sí tí ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa rìn padà sẹ́yìn. Kí ló yẹ kó mọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn? Ìpinnu mẹ́ta péré ni mo mọ̀ tí iṣẹ́ amí wà fún. Èkíní, báwo la ṣe máa ta eré tó kàn, ta ló wà lọ́dọ̀ wa, ta la máa kojú. Èkejì, ta la máa pè nígbà yíyàn. Ẹ̀kẹta, ọgbọ́n wo la máa dá sí àwọn tí a bá pàdé lẹ́yìn yíyàn. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá lè yí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí padà, ẹ fa igi lé e. Ẹ wo iye mọ́tò. Bó jẹ́ mẹ́rin, bó jẹ́ mẹ́fà, kí lẹ máa ṣe tó máa yàtọ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé òfin eré ọdún náà, kí ẹ wo ibi tí póìǹtì pọ̀ sí. Eré ń yí padà lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí fọ́ọ̀mù èṣí kò fi lè ṣiṣẹ́ ti ọdún yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi eré 2024 sí 2025 ṣe àpẹẹrẹ, INTO THE DEEP, torí òun ni mo mọ̀ dunjú. Ẹrù kan nínú agbọ̀n òkè jẹ́ póìǹtì 8, nínú agbọ̀n ìsàlẹ̀ ó jẹ́ 4. Èyí tí wọ́n bá fi ìkọ́ gbé kọ́ sára irin òkè jẹ́ 10. Nígbà tí eré bá fẹ́ tán, róbọ́ọ̀tì tó bá gun irin dé ipele kejì gba 15, ipele kẹta 30. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tó gun dé ipele kẹta ti gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹrù mẹ́rin nínú agbọ̀n òkè? Bẹ́ẹ̀, ìlà mẹ́fà ni fọ́ọ̀mù wa ọdún yẹn ní fún agbọ̀n, ẹyọ kan péré ló ní fún gígun irin: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. A ò kọ ipele tó dé. A ò kọ bóyá ó gbìyànjú, tó já bọ́.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ, sà: òdo. Ẹgbẹ́ tí kò gun irin torí pé wọ́n ṣì ń kó ẹrù nígbà tí aago lù, òdo ni. Ẹgbẹ́ tó gun ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òdo ni. Lórí ìwé, wọn ò yàtọ̀ síra, àmọ́ èkejì lè gba eré mọ́ yín lọ́wọ́. Àyè méjì ni kí ẹ fún ohun kọ̀ọ̀kan: iye ìgbà tó gbìyànjú, iye ìgbà tó bọ́ sí i. Àwa kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì pa wá lára.

Ìyá Àkọ́bí, Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi ìyá ọmọ náà fi tèmi kún un. Mi ò mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo máa ń bá wọn lọ, mo sì máa ń jókòó ti àwọn tó ń ṣe amí látàárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ tó bá ń ṣọ́ róbọ́ọ̀tì méjì kò ṣọ́ ìkankan. Ọmọ kan, róbọ́ọ̀tì kan.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí ọmọ mi ń fa ìlà sórí bébà, igi mẹ́rin, ìkarùn-ún dábùú, ó ń ṣe é dáadáa. Eré parí, mo ní èwo ló ń kà, ó nàka. Kì í ṣe òun! Nọ́ńbà róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ní kó ṣọ́ ti kọjú sí ògiri, ó sì ti ń ka ti ẹnì kejì rẹ̀ láti ìgbà tí auto ti parí. Ẹkún ni ó fẹ́ sun. Láti ọjọ́ náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ṣì ń gbé róbọ́ọ̀tì kalẹ̀, ohun kan tó hàn sójú ni mo máa ń ní kó kọ sókè bébà: "apá rẹ̀ gùn", "okùn òféèfé wà nídìí rẹ̀", "pátákó dúdú". Nítorí náà, olùkọ́, àwọ̀ ara róbọ́ọ̀tì tó wà nínú fọ́ọ̀mù yín yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ẹ gbé e lọ sókè, kí ọmọ lè mọ ẹni tó ń wò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó máa ń hàn lórí bébà: ti àárọ̀ á mọ́ rekete, nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, wọ́n á kan máa kọ nọ́ńbà tó bá ti wá sọ́wọ́. Ẹ lo ọmọ mẹ́fà fún àyè mẹ́rin. Bí ẹnì kan bá ti wo eré mẹ́rin, kó sinmi fún méjì, kó jẹun, kó mu omi.

Ọmọ Òṣómàáló, Texas

Ìjẹ̀ṣà ni mí, ilé wa kò jìnnà sí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Amẹ́ríkà ni mo ń gbé báyìí, mo sì ń ran ẹgbẹ́ FRC kan lọ́wọ́. Nínú àwọn ìdíje FIRST, FRC ni èyí tí róbọ́ọ̀tì rẹ̀ tóbi, tí ó ti wà láti 1992. Mẹ́ta sí mẹ́ta ni níbẹ̀, amí mẹ́fà la ń mú jókòó fún eré kan.

Ọ̀rọ̀ ọmọ OAU yẹn rán mi létí bàbá bàbá mi. Òṣómàáló ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri. Mo ti fojú ara mi rí ìwé wọn, ó ti gbó, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan: orúkọ oníbàárà, àmì tí wọ́n fi máa dá ilé rẹ̀ mọ̀, iye tó kù, ọjọ́ tó dá. Ó tán. Wọn ò kọ bí aṣọ ṣe rí, wọn ò kọ bóyá oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó máa gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, tí wọ́n á fi lóṣòó síbẹ̀ títí owó á fi jáde, òun nìkan ni wọ́n kọ. Ìwé amí tó dára nìyẹn lójú tèmi.

Ẹ wá jẹ́ kí n fi nọ́ńbà hàn yín, olùkọ́. Ká ní ẹgbẹ́ kan gba 38, 41, 40, 39, 42 nínú eré márùn-ún. Òmíràn gba 70, 65, 0, 72, 3. Tí ẹ bá pín in dọ́gba, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 40, ti èkejì jẹ́ 42. Ẹni tó bá kọ ìpíndọ́gba nìkan máa pe èkejì, á sì rò pé òun gbọ́n. Ẹ fi nọ́ńbà márààrún sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra, kí ẹ sì kọ ohun tó fa 0 àti 3 yẹn. Ṣé wáyà ló já ni, àbí alátakò ló dí i lọ́nà? Ṣé wọ́n ti tún un ṣe? Lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ tó wọlé, ìyẹn sì sinmi lórí ibi tí ẹ wà. Tí ẹ bá wà lókè pátápátá, ẹni 40 tí kì í já yín kulẹ̀ ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá wà nísàlẹ̀, tí ẹ máa kojú àwọn tó le, 40 lè má gbà yín. Ẹni tó lè ta 70 lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá ni ìrètí yín.

Wọ́n á tún sọ fún yín nípa OPR. Ó máa ń mú àpapọ̀ tí apá kọ̀ọ̀kan gbà, á fi ìṣirò wá iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ti mú wá níbẹ̀. Kò ná yín ní amí kankan, ó sì wúlò láti fi yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ́ 24, eré márùn-ún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo eré jẹ́ 30, nọ́ńbà àpapọ̀ tí ẹ máa ní jẹ́ 60, ẹyọ kan fún apá kọ̀ọ̀kan nínú eré kọ̀ọ̀kan, òun lẹ fẹ́ fi wá ohun 24 tí ẹ kò mọ̀. Ó kéré. Ẹni tó bá bọ́ sọ́dọ̀ alágbára lẹ́ẹ̀mejì á dà bí alágbára. OPR kò sì lè sọ fún yín pé wáyà kan já.

Alamí Àná, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ṣe amí fún ẹgbẹ́ wa fún ọdún méjì kí n tó wọ yunifásítì, nítorí náà ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n OAU sọ òótọ́ nípa iye mọ́tò, àmọ́ kí ó má lọ di pé àwọn ọmọ kò ní lọ sídìí tábìlì àwọn ẹgbẹ́ mìíràn mọ́. Ẹ lọ o! Ìbéèrè ni kí ẹ yí padà. Mẹ́ta ni mo máa ń bi wọ́n. Nínú auto, ibo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ibo lẹ ń gbà, torí bí ẹ̀yin àti alábàáṣe bá jọ fẹ́ ibì kan náà, ẹ máa kọlu ara yín. Kí ló bàjẹ́ lónìí, báwo lẹ ṣe tún un ṣe? Bí ẹ bá bá wa ṣe pọ̀, kí lẹ fẹ́ kí a máa ṣe kí ẹ̀yin náà lè máa ṣe tiyín? Èyí ìkẹyìn yẹn ló ń fi irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ hàn. Àwọn kan á gbé ìwé òfin jáde, wọ́n á ní ká jókòó. Àwọn kan á ní kí a ṣáà kúrò lọ́nà àwọn.

Ẹ má kọ ohun tí wọ́n sọ pé róbọ́ọ̀tì wọn lè ṣe bí ẹni pé ó ti ṣe é. Àyè rẹ̀ yàtọ̀. Wọn kò purọ́, ohun tí wọ́n ṣe nílé lánàá ni wọ́n ń sọ fún yín.

Ohun kan tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà: ẹni tó dára jù lè má jẹ́ ẹni tó bá yín mu. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí róbọ́ọ̀tì yín bá ń ju ẹrù sí agbọ̀n òkè, tí ẹ lọ mú ẹni tó ń ṣe agbọ̀n òkè bíi tiyín, ẹ máa dúró de ara yín níwájú agbọ̀n kan ṣoṣo. Ẹ kọ ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ṣe ilé lórí pápá. Èmi máa ń ya àwòrán pápá kékeré sétí bébà, màá sì fi pẹ́ńsù fa ipa ọ̀nà tó ń tọ̀. Nígbà yíyàn, àwòrán yẹn ni aṣojú wa kọ́kọ́ ń béèrè.

Olùkọ́ Físíìsì, Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ìparí iṣẹ́ lónìí. Ìbéèrè wọn rèé. Wọ́n fẹ́ fi máàkì 1 dé 5 sí bí awakọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n wà tó. Ṣé ó dára? Àti pé, a ò ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣé bébà tó?

Ìyá Àkọ́bí, Mọdákẹ́kẹ́

Lórí 1 dé 5: amí méjìlá ni Mósè rán lọ sí Kénáánì. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n wò fún ogójì ọjọ́. Mẹ́wàá ní òmìrán ló wà níbẹ̀, tata làwọn jẹ́ lójú àwọn. Méjì ní ẹ jẹ́ ká gòkè lọ, a ó borí. Ohun tí wọ́n rí kò yàtọ̀, èso àjàrà náà kò yàtọ̀. Ìgbà tí ó di ọ̀rọ̀ "ó le" tàbí "kò le" ni ẹnu wọn kò kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ Mósè ti sọ ìbéèrè fún wọn kí wọ́n tó lọ: ṣé àwọn ènìyàn náà pọ̀ tàbí wọ́n kéré, ṣé inú àgọ́ ni wọ́n ń gbé tàbí inú odi, ṣé igi wà níbẹ̀ tàbí kò sí. 3 ọmọ tèmi, 5 ni lójú ọmọ ẹlòmíràn, torí pé àánú ń ṣe é.

Ọmọ Ẹ̀rọ, OAU

Màmá ti sọ ọ́ tán. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa awakọ̀, ẹ má béèrè iye. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, kí àwọn amí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi orí kan orí, kí wọ́n to awakọ̀ mẹ́rin yẹn láti orí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jù. Ó rọrùn fún ènìyàn láti sọ pé eléyìí dára ju tọ̀hún lọ ju kó sọ pé 4 ni tàbí 3 ni.

Bébà tó, sà. Iná kì í lọ lórí bébà. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó máa gbé e wọ Google Sheets bó ṣe ń dé, kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà rẹ̀ rèé: ẹ ṣírò ohun tí amí méjì tó ṣọ́ apá pupa kọ, kí ẹ pa á pọ̀, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n gbé sójú pátákó. Ẹ kọ́kọ́ yọ póìǹtì tí wọ́n gbà torí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn alátakò o, torí ẹ̀yìn apá kejì ni ẹ̀ṣẹ̀ máa ń já sí. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ pe àwọn ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbàgbé.

Ọmọ Òṣómàáló, Texas

Bí ẹ bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ iwájú, ẹ má gbára lé Wi-Fi. Wọn kì í gba ẹgbẹ́ láàyè láti tan tiwọn níbi ìdíje, torí ó lè dí róbọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé áàpù á sọ àkọsílẹ̀ eré kan di QR code, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á fi kámẹ́rà gbà á. Fún ọdún yìí, bébà ni kí ẹ lò láìmikàn.

Alamí Àná, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ mọ́kànlá lẹ ní, olùkọ́. Ẹ yọ awakọ̀ àti àwọn tó wà nídìí róbọ́ọ̀tì, ẹ lè má rí mẹ́fà. Ẹ wá ẹgbẹ́ kan tó kéré bíi tiyín kí ẹ jọ pín iṣẹ́. Àwa bá ẹgbẹ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ wa, mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ wọn. Àdéhùn wa ni pé ohun tí a kà jẹ́ ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tò fún yíyàn, inú rẹ̀ ló wà. Kò sì sí ìjà kankan.

Kí orúkọ wọ̀nyẹn ti wà ní títò kí eré méjì tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ o. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò ní ráyè jókòó mọ́.

Olùkọ́ Físíìsì, Iléṣà

A ti ṣe é. Ó wọ ojú bébà kan ṣoṣo, ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkèṣà ló bá wa tẹ̀ ẹ́. Lókè: nọ́ńbà eré, nọ́ńbà ẹgbẹ́, ohun tó hàn lára róbọ́ọ̀tì náà. Ní àárín: auto, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ṣe; ọ̀nà mẹ́ta tí póìǹtì ọdún yìí pọ̀ sí jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú "ó gbìyànjú" àti "ó bọ́ sí i"; ìparí eré, ipele tó dé. Àwòrán pápá kékeré wà létí ọ̀tún. Ẹ̀yìn bébà ṣófo fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ìbéèrè mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́sàn-án péré ló kù.

Ọmọbìnrin tí ìwé gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti wà ní SS3 báyìí. Òun ló gba bírò lọ́wọ́ mi, tó kọ ìlà ìkẹyìn fúnra rẹ̀: "Kí ló já, ìgbà wo ló já, ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

Lọ́jọ́ Sátidé a máa fi fídíò eré àtijọ́ dánra wò, ọmọ méjì á ṣọ́ róbọ́ọ̀tì kan náà láìwo ìwé ara wọn, ká wo bóyá ohun tí wọ́n kọ máa bára mu. Bí ó bá yàtọ̀, a máa mọ̀ pé ìbéèrè náà kò tíì yé wọn bákan náà. Alamí Àná, bí àyè bá wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa jókòó. Mo ti sanwó ọkọ̀ láti Lágéré wá sílẹ̀.

Alamí Àná, Ilé-Ifẹ̀

Màá wá, sà. Aago mẹ́wàá. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n mú pẹ́ńsù àti ìparẹ́ wá, kí bírò dúró sílé.